Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ògbómọ̀ṣọ́ Láìsí Òyìnbó

Ìlọrin ni T. J. Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀dó sí ní ọdún 1855. Nígbà tí wọn kò gbà á láyè ni ó yà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì pẹ́ níbẹ̀: ní 1856 ó ti padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní 1861. Owó dáwọ́ dúró. Àwọn òyìnbó sì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán ní ilẹ̀ òkè.

Kí ni ìwọ̀nba onígbàgbọ́ wọ̀nyí yóò ṣe? Wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù tí yóò fi àlùfáà ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà Onítẹ̀bọmi ni pé ọwọ́ ọmọ ìjọ ni àṣẹ ìjọ wà, ìlànà yìí ni ó sì gbà wọ́n. Àwọn tí ń kọ ìtàn nípa àwọn òyìnbó a máa ka ọdún wọ̀nyí sí òfìfo. Ojú ẹni tí ó lọ ni wọ́n fi wo ilé. Nígbà tí W. J. David dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1875, onígbàgbọ́ ṣì kù ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ ìlú náà, Moses Ladejo Stone, di òjíṣẹ́ ní 1880. Ní 1888, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan ní Èkó kọ àṣẹ òyìnbó tí wọ́n sì dá Ebenezer sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́-àgùntàn wọn.