Àgò Irin Inú Ọkọ̀ Fífúyẹ́: Ohun Tí Àbúrò Mi Bi Mí ní Moore Street

Ìfáárà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ẹ bá dé ìlú Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland, tí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bá ń wù yín í jẹ, Moore Street ni wọn yóò júwe fún yín. Àárín ìlú gan-an ló wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá ọmọ onílẹ̀ ti ń pàtẹ ẹja àti èso níbẹ̀, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílùú náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀lùbọ́ àti epo pupa fi wá dara pọ̀ mọ́ tiwọn.

Ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti ń ra ata nígbà tí mo lọ kí i lásìkò ìsinmi. Ó ní ọkọ̀ Mazda MX-5 kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990, oníjókòó méjì péré, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo fẹ́ kí wẹ́dà bá mi jó páìpù irin yí inú ọkọ̀ yẹn ká. Tó bá di Sátidé, mà á gbé e lọ sáré ní Mondello. Tó bá di Mọ́ńdè, mà á fi gbé ọmọ lọ síléèwé. Kí lẹ rí sí i?"

Mo ní, "Èmi tí mò ń kọ́ èèyàn ní Yorùbá, kí ni mo mọ̀ nípa irin ọkọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sóhun tí kò nítàn?"

Ó mú mi níbẹ̀ yẹn. Ìtàn yẹn ni mo wá lọ tú, òun ni mo sì kọ síhìn-ín. Ẹ bá mi kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọkọ̀ tí ó di odi ní ọdún 1916

Kí a tó kúrò ní Moore Street, ìtàn ọkọ̀ kan wà ládùúgbò náà tí ó yẹ kí a gbọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1916, àwọn ọmọ Ireland kan dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tí ó wà nítòsí Moore Street. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Michael O'Rahilly, tí wọ́n ń pè ní The O'Rahilly. Ọkọ̀ De Dion-Bouton tirẹ̀ ló gbé wá sójú ogun. Wọ́n fi ọkọ̀ náà kó ẹrù. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e dí ọ̀nà ní Prince's Street, ó di odi, ó sì jóná níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 28, O'Rahilly fi ẹsẹ̀ rìn ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀ wọ Moore Street. Ìbọn bà á, ó sì kú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn aṣáájú tó kù túúbá.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí? Irin ọkọ̀ lè dáàbò bo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti bọ́ síta, irin kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí àwọn eléré ìje ọkọ̀ kò tètè gbà nìyẹn.

Nígbà tí awakọ̀ ń gbàdúrà kí ọkọ̀ ju òun sóde

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1903, wọ́n dá eré ìje ọkọ̀ láti Paris sí Madrid dúró ní Bordeaux nítorí òkú tó pọ̀ jù. Marcel Renault wà lára àwọn tó kú. Lóṣù Keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n sáré Gordon Bennett ní Ireland, ní agbègbè Athy, nítorí pé òfin kò fàyè gba irú eré bẹ́ẹ̀ lójú títì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Camille Jenatzy, ọmọ Belgium, ló fi Mercedes gba ipò kìíní. Ọkọ̀ Napier tí Charles Jarrott ń wà dojú dé; orí ló kó o yọ.

Láti ọdún 1929 títí di 1931, wọ́n ń sáré ìje àgbáyé ní Phoenix Park, ọgbà ńlá tí kò jìnnà sí Moore Street. Ní ọdún 1931, Norman Black gbégbá orókè pẹ̀lú MG Midget, ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 750 cc. Òótọ́ ni pé wọ́n fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké láyè síwájú, ṣùgbọ́n ayé rí i pé ọkọ̀ fífúyẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ yẹ̀yẹ́.

Àmọ́, kò sí irin lókè orí Black, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bẹ́líìtì láyà rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìgbà náà ni pé tí ọkọ̀ bá máa yí, kí ó ju èèyàn sóde sàn ju kí ó há a mọ́ inú iná lọ. Èrò yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Iná ń jó wọn lóòótọ́.

Àgò dé, okùn kò tíì dé

Ní àwọn ọdún 1950, àwọn eléré ìje ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jó páìpù mọ́ inú ọkọ̀ wọn. Ní ọdún 1961, òfin Formula 1 sọ ọ́ di dandan kí irin wà lẹ́yìn orí awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọdún 1972 ni bẹ́líìtì tó di dandan nínú eré kan náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Irin wà lókè, ara kò sì so mọ́ ìjókòó. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, awakọ̀ lè bọ́ kúrò lábẹ́ irin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wa nìyí: irin nìkan kò tó. Àgò àti okùn ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń pè é ní àgò. Ìyá àgbà máa ń da àgò bo òròmọdìẹ kí àṣá má baà gbé wọn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àjọ FIA tó ń rí sí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní abala 253. Irin tí wọ́n fà ní tútù, tí kò ní ojú ìsopọ̀, ni wọ́n ń lò. Páìpù ńlá tó tẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó lè fẹ̀ tó mìlímítà 45, kí ara rẹ̀ sì nípọn tó 2.5. Èyí tí wọ́n bá fi bóòtù dè, bóòtù mẹ́ta ó kéré tán ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, lórí pákó irin tó nípọn tó mìlímítà 3, tí wọ́n jó mọ́ ara ọkọ̀.

Ibí yìí ni wàhálà ọkọ̀ àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò Ireland kò mọ ọkọ̀ lójú. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀, irin tó dára jù láyé yóò gún ilẹ̀ náà já lọ́jọ́ tó bá yí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, wíwo ilẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Páìpù ló ń tẹ̀ lé e. Ìwúwo náà tún wà níbẹ̀. MX-5 àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1989, kò tó 1,000 kílógíráàmù. Gbogbo irin tí a bá gbé sókè ń dín ìfúyẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á kù.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti orí. Lórí pápá, awakọ̀ dé àṣíborí, bẹ́líìtì rẹ̀ sì le. Lójú títì, orí lásán ni. Páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá lè fọ́ agbárí nínú ìjàǹbá kékeré tí èèyàn ìbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi sì ní òun fẹ́ gbé ọmọ sí i!

Àgbálọgbábọ̀

Mo kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ifẹ̀, mo sì mọ ohun tí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ti gbà lọ́wọ́ wa. Ohun tó mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe akitiyan lórí ààbò ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977 nìyẹn, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988. Nítorí náà, mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré pẹ̀lú àbúrò mi.

Mo sọ fún un pé, "Ọkọ̀ tó fẹ́ jẹ́ ti pápá, tó tún fẹ́ jẹ́ ti ọmọ iléèwé, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, mo gbọ́."

Kò jó àgò odindi mọ́. Ó ní kí wọ́n tún ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì fi bóòtù de irin títẹ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn ìjókòó méjèèjì, wọ́n wé tìmùtìmù líle mọ́ ọn lára. Ó ṣeé tú tó bá yá. Ọkọ̀ mìíràn ló fi ń gbé ọmọ.

Ní ọdún 2007, ìjọba Ireland kéde ilé 14 sí 17 ní Moore Street gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, àwọn èèyàn sì ń jiyàn títí dòní lórí bí a ṣe lè tún àdúgbò náà ṣe láì ba ohun tó jẹ́ jẹ́. Bákan náà ni ti ọkọ̀ àtijọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi irin sínú tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni yóò jókòó lábẹ́ rẹ̀, ṣé okùn wà láyà rẹ̀, kí ló sì wà lórí rẹ̀?