Ìlẹ̀kùn Ìṣègùn: Ìtàn Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Àwọn Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣàdédé fi iṣẹ́ ìṣègùn lé ọmọdé lọ́wọ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tó dé Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti gbogbo apá àríwá Èkìtì, àwọn oníṣègùn àti babaláwo ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni òbí ń mú ọmọ lọ bí wọ́n bá fẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá kì í bi ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè púpọ̀ lọ́jọ́ tó dé. Iṣẹ́ ni ó máa ń rán an. Ọmọ yóò lọ já ewé lóko ní kùtùkùtù, yóò gún àgúnmu, yóò gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá lọ sílé aláìsàn, yóò sì gbọ́ àṣírí ìdílé onídìílé. Bí ọ̀gá ti ń rán an níṣẹ́ ni ó ń wò ó. Ṣé ọmọ náà ní sùúrù? Ṣé ó lè pa ẹnu mọ́? Bí kò bá mọ ewé kan, ṣé yóò jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n, àbí yóò já èyí tó rí wálé? Ọdún púpọ̀ lè kọjá kí ọ̀gá tó gbà pé ọmọ náà yẹ lẹ́ni tí à ń fi ẹ̀mí èèyàn lé lọ́wọ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni èyí náà. Iṣẹ́ ni ọ̀gá fi ń bèèrè, ìwà sì ni ọmọ fi ń dáhùn.

Nígbà tí ìṣègùn Òyìnbó dé, ìlẹ̀kùn mìíràn ṣí, àwọn mìíràn ni wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn ìlẹ̀kùn yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà ni ó gbà pé ọpọlọ òun ni kò pé, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọpọlọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé

Ní ọdún 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Sàró lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìdí rẹ̀ ni pé ibà ń pa àwọn dókítà Òyìnbó tí wọ́n ń rán wá tọ́jú ọmọ-ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́ náà ni James Africanus Horton, William Broughton Davies àti Samuel Campbell. Horton àti Davies ni wọ́n parí ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1861, Horton kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà Òyìnbó tako àbá náà, kò sì ṣeé ṣe. Ní ọdún 1861 yìí kan náà, Dókítà A. A. Harrison ti ìjọ CMS ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní ìṣègùn ní Abẹ́òkúta. Nathaniel King wà lára wọn. Ó tẹ̀síwájú lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè dókítà.

Bí àwọn wọ̀nyí ti wọlé tó, ìlẹ̀kùn náà tún padà sé. Ní ọdún 1902, ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìṣègùn kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ẹni tí ìran rẹ̀ bá jẹ́ ti Yúróòpù nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Dókítà Ogúntọ́lá Sàpárà, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láti ọdún 1896, ló wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀. Síbẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè bá dókítà Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi dọ́gba nípò tàbí nínú owó oṣù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláwọ̀ dúdú nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dáhùn rẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

Yaba àti Ìbàdàn

Ní ọdún 1930 ni ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sí Yaba ní Èkó. Àwọn tó jáde níbẹ̀ kò rí orúkọ dókítà kíkún gbà. Igbákejì dókítà ni wọ́n ń pè wọ́n, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì níyì lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Yaba yìí wà lára ohun tó bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1934, èyí tó di Nigerian Youth Movement. Dókítà ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́, James Churchill Vaughan. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé lẹ́yìn tí ọmọ ti la ìdánwò líle kọjá, ẹ̀kọ́ tí wọ́n bù fún un kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyípadà dé ní ọdún 1948 nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yaba wà lára àwọn tó kó lọ síbẹ̀. Oyè tí wọ́n ń gbà wá di èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ilé-ìwòsàn ńlá UCH sì ṣí ní ọdún 1957. Ọmọ Ìkọ̀lé kan, J. F. Adé Àjàyí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní Ìbàdàn lọ́dún 1948. Ìmọ̀ ìtàn ni ó kọ́, ó sì di ọ̀gá nínú rẹ̀. Chinua Achebe, tí òun náà wọlé lọ́dún yẹn, gba ìrànwọ́ owó láti kọ́ ìṣègùn. Kò pé ọdún kejì tó fi yí sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwọn òbí: ẹni tó la ìlẹ̀kùn ìṣègùn kọjá lè rí i pé ibòmíràn ni orí òun pe òun sí.

Ọmọ Èkìtì tó fẹ́ lọ sí Ìbàdàn nígbà náà ní ìrìn-àjò níwájú. Ojú irin kò kan ilẹ̀ Èkìtì. Òṣogbo ni èyí tó sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀. Christ's School ní Adó-Èkìtì, tí Àlùfáà Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà kọjá. Ibẹ̀ ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ti kàwé kó tó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ àrùn ọpọlọ àti iṣan dunjú. Òun ló ṣe ìwádìí àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kú tipiri ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tó sì tọ ipa rẹ̀ dé ìdí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Ẹni tó mọ ohun tí aráyé ń jẹ, tó sì mọ bí a ṣe ń bi wọ́n, ló lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀.

Ní iwájú ìgbìmọ̀

Ìdánwò ìwé ni ó máa ń ṣáájú. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń pè wá fojú kan ìgbìmọ̀. Olùdíje yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, yóò máa wo ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ̀ bí ó ṣe ń jáde, bóyá ojú rẹ̀ le tàbí ó rọ̀. Bí wọ́n bá pè é, yóò bá àwọn àgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí tábìlì. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tó dà bí ẹni pé ó rọrùn: kí ló dé tí o fi fẹ́ di dókítà?

Níbí ni ọ̀ràn wà fún ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé kì í tẹjú mọ́ àgbà lójú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kò yẹ kí èèyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, àti pé àgbà ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ ń retí kí ó gbójú sókè, kí ó ka ohun tó ti ṣe, kí ó sì sọ èrò tirẹ̀ kódà bí ó bá yàtọ̀ sí tiwọn. Bí ó bá sorí kọ́, wọ́n lè sọ pé ẹ̀rù ń bà á. Bí ó bá dáhùn ní gbólóhùn kan péré, wọ́n lè sọ pé kò mọ nǹkan. Ìbọ̀wọ̀ ni, wọ́n sì ti kà á sí àìmọ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń bi í tún di ẹrù kejì, nítorí ọmọ tó kàwé ní ìlú ńlá ti ń sọ ọ́ láti kékeré.

Ní ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀, kí ìdánwò kan lè wà fún gbogbo yunifásítì. Máàkì wá di olórí ọ̀rọ̀, ìfojúkojú sì dínkù. Èyí ran ọmọ abúlé lọ́wọ́ dé ibì kan, nítorí ìwé ìdánwò kì í rí ojú ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí olùdíje ti wá tún wọ inú ìṣirò, kí àyè lè kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, ìjọba yọ̀ǹda fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti tún àwọn olùdíje yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 2016, wọ́n sì tún dá a padà ní ọdún 2017. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni àyẹ̀wò náà. Ní àwọn ibòmíràn, olùdíje tún ń fojú kan ìgbìmọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's lo ètò kọ̀ǹpútà kan láti yan àwọn tí wọn yóò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní ọdún 1988, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba ẹ̀yà ní Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ètò náà ń gé máàkì àwọn obìnrin àti àwọn tí orúkọ wọn kò jọ ti Yúróòpù. Nǹkan bí 60 olùdíje lọ́dọọdún ló lè ti pàdánù ìpè nítorí èyí. Ìpinnu tí àwọn èèyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Yorùbá ní, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níbẹ̀, orúkọ ni wọ́n wò tí wọn kò fi jẹ́ kí ọmọ wọlé.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń lo ọ̀nà tí Yunifásítì McMaster ní Kánádà bẹ̀rẹ̀. Olùdíje yóò máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, agogo yóò sì máa dún. Ní yàrá kan, wọ́n lè ní kí ó tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ní òmíràn, kí ó sọ ohun tí yóò ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jí ìdánwò wò. Ìwà ni wọ́n ń wá. Ohun tí oníṣègùn àtijọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá lára ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi wákàtí kan tàbí méjì rí.

Ìgúnlẹ̀

Ní àríwá Èkìtì, ìlẹ̀kùn náà ti sún mọ́ ilé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ dé Ọyẹ́ ní ọdún 2011, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó di ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní ọdún 2014, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ máa jẹ́ kí ọmọ dìde dúró nínú kíláàsì, kí ó sọ èrò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìka ìwé. Kí ó jẹ́ kí ó yé e pé bí a ṣe ń wo ojú ìgbìmọ̀ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kí bàbá ẹni, àti pé ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì. Kí olùdíje náà má ṣe tijú láti sọ pé òun kò mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá sì dá a padà, kí ó tún múra, kí ó padà lọ.

Nígbà tí ó bá di dókítà tán, ìyá arúgbó kan yóò jókòó níwájú rẹ̀ ní Ìdó. Yóò wò ó láti òkè dé ilẹ̀, yóò sì bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Kí ìyá náà tó sọ ibi tó ń dùn ún, yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe dáhùn.