Odi Abẹ́òkúta Kò Gbọdọ̀ Di Ìgbàgbé

Bí a bá bi ọmọ Ẹ̀gbá léèrè pé kí ló dáàbò bo ìlú wa láyé ogun, Olúmọ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni. Abẹ́ àpáta náà ni àwọn baba wa fi ṣe ibi ìsádi nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830. Ṣùgbọ́n Olúmọ nìkan kọ́ ló gbà wá. Ààbò kejì wà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, èyí ni odi ìlú. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ odi náà. Wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, wọ́n sì mọ odi sí ẹ̀yìn yàrà. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀ yóò kọ́kọ́ bá yàrà pàdé, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá yóò sì máa yìnbọn sí i láti ẹ̀yìn odi.

Ní 1851, Ọba Gezo ti Dàhọ̀mì kó ogun wá, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ará Ìṣàgà, tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀rẹ́ Dàhọ̀mì, darí wọn sí bodè Arò, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi ṣe. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, Ẹ̀gbá ṣẹ́gun. Dàhọ̀mì gbẹ̀san lára Ìṣàgà ní 1862. Nígbà tí Ọba Glele sì tún gbógun wá ní 1864, Ẹ̀gbá tún lé wọn padà.

Lónìí, Olúmọ ní àtẹ̀gùn, àwọn àlejò sì ń sanwó láti gùn ún. Wọ́n á tún yà ra adìrẹ lọ́dọ̀ wa ní Ìtòkú. Odi kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, nítorí òkúta kì í yọ́, ṣùgbọ́n òjò a máa wó amọ̀ tí a kò tún ṣe. Orúkọ ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. À ń pe Bodè Olúdé lójoojúmọ́ láìrántí pé ẹnu ọ̀nà ìlú ni bodè. Bí a bá sì dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Ní Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Patrick Darling wọ̀n ọ́n, tó sì yà á sórí àwòrán ilẹ̀, gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kó wa jáde pẹ̀lú ìwé, okùn ìwọ̀n àti fóònù. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wa lọ bá àwọn àgbà tó mọ ibi tí odi gbà kọjá, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tí a bá rí, ẹ jẹ́ kí a yà á sórí àwòrán ilẹ̀ kan, kí a sì gbé e kọ́ sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. A lè má lè mọ odi náà padà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò mọ ibi tó wà.