Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ọ̀nà Ìṣòwò ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, arìnrìn-àjò lè bá ọ̀nà méjì pàdé tí wọ́n ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà: ọ̀kan gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, èkejì sì gba àárín ọjà. Ohun tí ó ya èkejì sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kọ sórí pátákó rẹ̀: Business, èyíinì ni ìṣòwò. Ọ̀rọ̀ kíkà ni iṣẹ́ mi, mo sì rí i pé ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan yìí kò kéré.

Kí ọ̀nà tó ní nọ́ńbà, orúkọ ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ni ó ń sọ wọ́n lórúkọ. Lincoln Highway, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1913, wà lára èyí tí ó lókìkí jù lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa kun ọ̀dà sára òpó láti fi ọ̀nà tirẹ̀ han awakọ̀. Àwọn oníṣòwò a sì máa dáwó fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀nà lè gba iwájú ìsọ̀ wọn. Nígbà tí ó yá, orúkọ wá pọ̀ débi pé wọ́n ń da awakọ̀ lójú rú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1926, AASHO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ọ̀nà ti àwọn ìpínlẹ̀, fọwọ́ sí ètò nọ́ńbà dípò orúkọ. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ni àwòrán ilẹ̀ ń fi hàn, nọ́ńbà ni àlejò sì ń tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù kún ìgboro, ìrìn-àjò falẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn ìlú. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà wo ni yóò jogún nọ́ńbà? Bí nọ́ńbà bá kúrò ní ìgboro, oníbàárà yóò bá a lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi parí ìjà náà ni pé ọ̀nà tuntun gba nọ́ńbà, ọ̀nà àtijọ́ sì ń jẹ́ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Business lórí rẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, City ni wọ́n kọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe oníṣòwò ni ó ń ri pátákó yìí mọ́lẹ̀. Ìlú lè bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni ó ń kọ̀wé sí AASHO, tí ó di AASHTO ní ọdún 1973. Ìgbìmọ̀ ibẹ̀ ni yóò sì yẹ ẹ̀bẹ̀ náà wò.

Ní ọdún 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tí ó bí ọ̀nà Interstate, tí wọ́n pète pé yóò gùn tó máìlì 41,000. Ìsọ̀ kò gbọdọ̀ dojú kọ irú ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò lè wọ̀ ọ́ tàbí kúrò nínú rẹ̀ àfi ní ẹnu ọ̀nà tí a yàn. Asà pupa òun búlúù ni àmì rẹ̀. Fún ọ̀nà ìṣòwò, asà náà di aláwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ Business sì gba ipò Interstate. Bí ọ̀nà náà bá padà já sí ọ̀nà ńlá, Loop ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá pin sínú ìlú, Spur ni. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé yìí kì í ṣe ara Interstate rárá: iná lè dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, ọmọdé sì lè sọdá. Àwọ̀ náà ń sọ fún awakọ̀ pé eré sísá ti tán.

Ìlú Williams ní ìpínlẹ̀ Arizona jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1984, ọ̀nà Interstate 40 yí i ká. Òun ni ìlú tí ó kẹ́yìn tí ọ̀nà ńlá fi sílẹ̀ lójú Route 66. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n pa nọ́ńbà 66 rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Business Loop 40 ṣì la Williams já. Ní Seligman tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀nà ńlá ti fi ìlú sílẹ̀ láti ọdún 1978. Àwọn ará ibẹ̀ rí i pé iṣẹ́ ń kú. Ní ọdún 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú mìíràn, wọ́n sì rọ ìpínlẹ̀ títí ó fi sọ ọ̀nà àtijọ́ náà di ọ̀nà ìtàn. Àwọn tí ń wá ìtàn kiri ni ó wá di oníbàárà wọn.

Nítorí náà, pátákó ọ̀nà ìṣòwò kì í ṣe owó gbà-máà-bínú, kò sì lè fi ipá yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé ìlú kan wà níbẹ̀, pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì gbà kí a sáré kọjá láìdárúkọ wọn. Nọ́ńbà lè mú àlejò dé ẹnubodè; ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò mú un wọlé.