Ta Ní Ń Yẹ Aláyẹ̀wò Wò?

Gààrí Ìjẹ̀bú lókìkí nítorí kíkan rẹ̀, kíkan yẹn kan náà sì lè máa jẹ irin tó bá fara kàn. Ní Ògijo, ní apá Rẹ́mọ, iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì àtijọ́ ti kó òjé bá afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹni tó ń kó oúnjẹ ránṣẹ́ gba ìwé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwé náà kò níyì kankan bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti dán yàrá àyẹ̀wò tó kọ ọ́ wò.

Ní 1955, Alan Walsh ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń mọ iye irin inú nǹkan nípa ìmọ́lẹ̀ tí irin náà ń fà mu. Ọ̀nà náà tàn káyé. Nínú àwọn ọdún 1960, Humphry Bowen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ẹ̀fọ́ kale gbígbẹ kúnná, ó sì pín in fún yàrá àyẹ̀wò káàkiri. Ẹ̀fọ́ kan náà ni, síbẹ̀ èsì wọn kò bára mu. William Horwitz ti àjọ FDA ní Amẹ́ríkà ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1980: bí ohun tí à ń wá bá ṣe ń kéré sí i ni èsì àwọn yàrá ń jìnnà síra sí i. Bó bá jẹ́ mílígírámù 1 nínú kílò, ìyàtọ̀ náà tó ìdá 16 nínú 100. Òdiwọ̀n tí Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fi lé òjé nínú gbòǹgbò bí ẹ̀gẹ́ kò ju mílígírámù 0.1 nínú kílò lọ. Níbẹ̀, ìṣirò náà fún wa ní nǹkan bí ìdá 23. Yàrá méjì tí kò purọ́ lè yẹ àpò kan náà wò, kí ọ̀kan ní ó yẹ fún jíjẹ, kí èkejì ní kò yẹ.

Láti 1990 ni ètò FAPAS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi oúnjẹ tí aláyẹ̀wò kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń fún èsì ní máàkì bó ṣe jìnnà sí iye tó yẹ: tí kò bá ju 2 lọ, ó dára, tó bá ju 3 lọ, ó kùnà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tuntun olówó gọbọi ti tó. Kò tó, nítorí eruku, ásíìdì àti ike tí a fi gba nǹkan lè ti kó òjé tiwọn wọlé kí ẹ̀rọ tó rí i. Àwọn mìíràn ní aláyẹ̀wò yóò fara balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà ìdánwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fara balẹ̀ tó sì tún kùnà ti sọ bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀ràn owó ló wúwo jù, torí òkè òkun ni irú oúnjẹ ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Síbẹ̀, ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé ti pa ọmọ tó ju 400 lọ, iye òjé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tí yóò gba oògùn. Àṣìṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé lásán. Ohun tí Bowen ṣe kò sì kọjá agbára wa: kí yàrá kan lọ gààrí Ìjẹ̀bú kúnná, kó pò ó dọ́gba, kó sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó láìkọ iye òjé rẹ̀ sára àpò.