Ìtàn Ìgò àti Ife Lẹ́nu Ọmọ Ọwọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí òwe yìí ti kan orí ọmọ tí ó wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan oúnjẹ ọmọ àti ohun èlò tí a fi ń fún un. Ní ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń ṣòwò láti ayé ìjọba Faransé, ìyá tí ó ń jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ iyì ìgò ọmọ dáadáa: ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nílé lè gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Nítorí náà, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní kí a já ọmọ lẹ́nu ìgò, kí a fi ife rọ́pò rẹ̀, àwọn ìyá mìíràn a máa rò pé àṣà òyìnbó tuntun kan ni ó tún dé. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn Yorùbá, ife ni ẹ̀gbọ́n, ìgò ni àbúrò.

Kí ìgò tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọmú ni oúnjẹ ọmọ, ọmọ a sì máa mu ún tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ahá ni a fi ń bu omi fún un. Bí ó bá kan ẹ̀kọ tàbí àgbo, ìyá a tẹ́ ọmọ sórí itan, a ká àtẹ́lẹwọ́ bí ife sí i lẹ́nu, a sì rọ ọ́. Dókítà Derrick Jelliffe, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ̀wé ní 1953 lórí bí àwọn Yorùbá ìlú náà ti ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe pé rírọ kò ní àléébù: oúnjẹ lè ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí ọmọ tí ń sunkún, ewu ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ahá àti àtẹ́lẹwọ́ ní ìwà rere kan: ojú ń rí gbogbo inú wọn, omi sì lè fọ̀ wọ́n mọ́.

Ìgò onírọ́bà kò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ní 1845 ni Elijah Pratt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún orí ọmú tí a fi rọ́bà ṣe. Lẹ́yìn náà ni irú ìgò kan gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, èyí tí ó ní ọ̀pá rọ́bà gígùn láti inú rẹ̀ dé ẹnu ọmọ. Ó dẹ àwọn ìyá lọ́rùn, nítorí ọmọ lè dá a mu lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí ó lè wọ inú ọ̀pá náà láti fọ̀ ọ́. Wàrà ń kan síbẹ̀, kòkòrò àrùn ń bí sí i, ìgbẹ́ gbuuru sì pa ọmọ púpọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1910, ìjọba Faransé fi òfin de títà rẹ̀. Ní ọdún náà, Côte d'Ivoire ti di ilẹ̀ abẹ́ Faransé láti ọdún 17.

Ìgò tí ó wá tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà kò ní ọ̀pá gígùn, ṣùgbọ́n òun àti wàrà agolo ni wọ́n jọ ń rìn. Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn kwashiorkor fún àwọn oníṣègùn ayé ní 1933. Orúkọ tí àwọn Gã fi ń pe àìsàn ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò ni. Ní 1939, ní Singapore, obìnrin yìí kan náà sọ̀rọ̀ líle sí àwọn tí ń polówó wàrà agolo aládùn fún ọmọ ọwọ́. Ó pe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Wàrà àti Ìpànìyàn.

Ohun tí ó rí kò ṣòro láti mọ̀. Bí owó ìyá kò bá tó, yóò bu omi púpọ̀ sí wàrà díẹ̀ kí agolo lè pẹ́. Bí omi kò bá mọ́, tí kò sì sí iná láti sè é, àrùn ni ọmọ ń mu. Abidjan di olú-ìlú Côte d'Ivoire ní 1934, kí ipò náà tó bọ́ sọ́wọ́ Yamoussoukro ní 1983. Èbúté rẹ̀ sì ṣí ní 1951. Irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn ń ya wọ̀ láti oko àti láti ilẹ̀ òkèèrè, ni ọjà wàrà agolo ń wá.

Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí lọ gbogbo ayé. Ní 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1981, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a má ṣe polówó wàrà agolo àti ìgò ọmọ fún àwọn ará ìlú mọ́. Orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí i. Amẹ́ríkà nìkan ni ó sọ pé òun kò gbà. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990, Côte d'Ivoire ní 2013.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti pe ìgò ní àjẹ́. Abidjan ni ẹ̀rí ti wá. Láti 2001, ìwádìí kan tí a ń pè ní DITRAME Plus wáyé ní àdúgbò Abobo àti Yopougon láàrin àwọn ìyá tí ó ní kòkòrò HIV, èyí tí ó lè ti inú ọmú ran ọmọ. A ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n fún ọmọ lọ́mú fún oṣù díẹ̀ péré, tàbí kí wọ́n fún un ní wàrà agolo láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọmọ 557, 295 mu wàrà agolo, 262 mu ọmú. Nínú àwọn tí kòkòrò náà kò ràn, nǹkan bí 96 nínú 100 ni ó wà láàyè ní oṣù 18, ní ìhà méjèèjì. Omi mímọ́ wà, a pèsè wàrà fún wọn, àwọn olùtọ́jú sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Níbi tí mẹ́ta yìí kò bá sí, ọ̀ràn di mìíràn. Láti 2010, pẹ̀lú oògùn tí ó wà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lè fún ọmọ lọ́mú.

Ìdí nìyí tí ife fi ṣe pàtàkì. Kò ní orí rọ́bà, kò ní kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí lè sá sí. Ọṣẹ àti omi tó o. Ọmọ tí ń fi ìgò sùn, wàrà ń dúró sí i léyín títí eyín yóò fi jẹrà. Èyí tí wàrà ìgò bá sì yó lọ́jọ́ gbogbo kì í fẹ́ jẹ ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí ń fún un ní ẹ̀jẹ̀. Láti oṣù mẹ́fà ni a ti lè máa fi ife bu omi díẹ̀ fún ọmọ nídìí oúnjẹ. Bí ó bá pé ọdún kan, kí a kọ́kọ́ gba ìgò ọ̀sán, kí a fi ti alẹ́ ṣe ìkẹyìn, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí ó tó pé oṣù 18. Ife tí ọmọ ní láti fà kí omi tó jáde kò yàtọ̀ sí ìgò. Èyí tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀ ni ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀ ní mímu. Yóò dà á sílẹ̀, yóò tu ú dànù, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá oníṣòwò ní Abidjan tí ó fi ife lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò tẹ̀lé òyìnbó lọ síbi kankan. Ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ahá ṣe ni ó ń ṣe: ó ń fún ọmọ lómi nínú ohun tí ojú lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.