Ìyá mélòó ló ń kú nígbà ìbímọ? Bí ìmọ̀ ìṣirò ṣe ń ran ìwádìí ìlera lọ́wọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yan ẹ̀kọ́ ìlera aráàlú, bí irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò lè sá fún statistics, ìyẹn ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi ń tú iṣẹ́ ìwádìí palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró lé lórí: mélòó nínú mélòó? Àwọn wo ni wọ́n kà? Báwo ni iye náà ṣe dájú tó? Ikú àwọn ìyá nígbà oyún àti ìbímọ jẹ́ àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn kedere.

Ká ní ìyá 20 kú ní ilé ìwòsàn kan láàárín ọdún kan, tí 6 sì kú ní òmíràn. Ojú ẹsẹ̀ ni ènìyàn yóò sọ pé ti àkọ́kọ́ ló burú jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ 10,000 ni wọ́n bí ní ti àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ 1,000 péré ní èkejì, ikú 200 ni yóò jẹ́ fún ọmọ 100,000 ní àkọ́kọ́, yóò sì jẹ́ 600 ní èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín iye òkú fún iye ọmọ tí wọ́n bí láàyè kí wọ́n tó fi ibìkan wé ibòmíràn. Síbẹ̀, èyí kò tíì tó láti dá ilé ìwòsàn kejì lẹ́bi, nítorí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti le wá.

Kò sí olùwádìí tó lè bá gbogbo obìnrin Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ni wọ́n ń ṣà nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí mọ̀ pé èyí tó wà lókè àpò lè dára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ni yóò ṣe ti ọwọ́ bọ àpò náà. Bákan náà, olùwádìí tó bá dúró sí ilé ìwòsàn nìkan yóò fo àwọn tó bímọ sílé àti àwọn tó bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Nínú ìwádìí NDHS ọdún 2018, tí National Population Commission, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn, ṣe, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe yan àdúgbò àti ilé, wọ́n sì tọ àwọn obìnrin lọ sílé. Obìnrin 41,821 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló dáhùn. Wọ́n tún bi wọ́n léèrè nípa àwọn arábìnrin wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n lè mọ àwọn tó ti kú.

Ìwádìí ọdún 2013 sọ pé ìyá 576 ló ń kú fún ọmọ 100,000 tí wọ́n bí láàyè. Ti ọdún 2018 sọ pé 512 ni. Ó rọrùn láti pariwo pé ikú ti dínkù. Ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀ ni wọ́n bi léèrè, iye kọ̀ọ̀kan ní ibi tó lè kéré mọ àti ibi tó lè pọ̀ dé: 500 sí 652 ní ọdún 2013, 447 sí 578 ní ọdún 2018. Bí wọ́n bá tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 95 ni iye gidi yóò bọ́ sáàárín ààlà méjì tí wọ́n bá gbé jáde. Ààlà ọdún méjèèjì wọnú ara wọn gan-an. Èyí kò sọ pé ikú kò dínkù; ohun tó sọ ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti fọwọ́ sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Ìjọba tó bá tètè gbà pé ikú ti dínkù lè dín owó agbẹ̀bí, ti ẹ̀jẹ̀ àti ti ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún kù, ní àdúgbò tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ iye kan lórí rédíò, kó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kó tó yọ̀ tàbí kó tó bẹ̀rù.